Ta Ló Ń Ka Ọdún? Ìdáhùn Lórí Ẹjọ́ Olivia de Havilland àti Warner Bros.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé ní ayé àtijọ́ ní Hollywood, bí ẹni ní ẹrù ni ilé-iṣẹ́ fíìmù ṣe ní òṣèré, àfi ìgbà tí òṣèrébìnrin kan tó ń jẹ́ Olivia de Havilland pe ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́jọ́, tó sì jàre. Ohun tí kò yé mi ni pé wọ́n ń sanwó fún un dáadáa, àwọn náà ni wọ́n sì sọ ọ́ di olókìkí. Kí ló wá ń jà fún? Ṣé kì í ṣe àìmoore nìyẹn? Kí sì ni adájọ́ rí tó fi dá a láre?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń fò kọjá. Àwọn kan á ní owó ló ń jà fún, àwọn mìíràn á ní ipa gidi nínú eré ló ń wá. Méjèèjì wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ ohun tó gbé lọ síwájú adájọ́ kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ìṣirò ọjọ́ ló gbé lọ. Bí ènìyàn bá tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan fún ọdún méje, ta ló ń ka ọdún náà, kí la sì ń pè ní ọdún? Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọjà tí obìnrin yìí wọ̀. Ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, ilé-iṣẹ́ ńlá márùn-ún ló di òwò fíìmù Amẹ́ríkà mú: MGM, Paramount, Warner Bros., 20th Century-Fox àti RKO. Àwọn ló ń ya fíìmù, àwọn ló ń pín in káàkiri, àwọn náà ló tún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé sinimá ńláńlá tí wọ́n ti ń fi í han aráyé. Ẹni tó bá fẹ́ fi eré ṣíṣe jẹun, ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn, tàbí ti àwọn tó kéré sí wọn díẹ̀, ló gbọ́dọ̀ kàn. Òṣèré kì í dúnàádúrà lórí fíìmù kọ̀ọ̀kan bí ó ti wọ́pọ̀ lónìí. Owó ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san fún un bí akọ̀wé ọ́fíìsì, ilé-iṣẹ́ ló sì ń sọ fíìmù tí yóò ṣe, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, àwọn oníròyìn tí yóò bá sọ̀rọ̀, àti nígbà mìíràn orúkọ tí yóò máa jẹ́.

Ìwé tí wọ́n máa ń fún òṣèré fọwọ́ sí ni wọ́n ń pè ní àdéhùn ọdún méje, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Ọdún kan péré, nígbà mìíràn oṣù mẹ́fà, ni ilé-iṣẹ́ máa ń fi ara rẹ̀ jìn fún. Bí àkókò náà bá pé, ilé-iṣẹ́ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ṣì fẹ́ òṣèré náà, lórí owó tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ó dìgbóṣe nìyẹn. Òṣèré kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí òkìkí rẹ̀ kàn lọ́dún kejì, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn sì fẹ́ san ìlọ́po márùn-ún owó rẹ̀, kò lè lọ. Ọdún méje ni fún òṣèré, ọdún kan ni fún ilé-iṣẹ́. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá kà á níbì kan pé ìfohùnṣọ̀kan ẹni méjì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìlú Tokyo ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n bí Olivia de Havilland sí, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1916, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní 1919, ìyá rẹ̀, tó ti ṣe eré orí ìtàgé rí, kó òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wá sí California, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Saratoga ni wọ́n sì dàgbà sí. Àbúrò yẹn náà di òṣèré, òun ni ayé mọ̀ sí Joan Fontaine. A óò tún bá a pàdé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Olivia ń gbèrò àtiṣe. Ní 1934, Max Reinhardt, ògbóǹkangí olùdarí eré tó kúrò ní Jámánì nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ń gbé eré Shakespeare kan kalẹ̀ ní gbàgede ńlá Hollywood Bowl. Ẹni tí yóò rọ́pò ẹni tó ń rọ́pò ni wọ́n fi Olivia ṣe fún ipa Hermia, ìyẹn ni pé ẹni méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì bá iṣẹ́ fíìmù lọ, ọmọ ọdún méjìdínlógún náà sì bọ́ sójú agbo. Warner Bros. ra ètò náà láti sọ ọ́ di fíìmù, wọ́n sì ní kí ọmọbìnrin náà wá tọwọ́ bọ̀wé. Igba dọ́là lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1934. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1936, wọ́n tún un kọ sí àdéhùn ọdún méje, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là lọ́sẹ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, òótọ́ lẹ sọ. Ní 1936, nígbà tí ọ̀dá owó ṣì mú Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ olórí ẹbí kò ríṣẹ́ ṣe, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là lọ́sẹ̀ kì í ṣe owó kékeré fún ọmọ ogún ọdún. N kò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ tún un rò ni gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, pé àwọn ni wọ́n sọ ọ́ di olókìkí.

Warner Bros. fi í ṣe ìkejì òṣèrékùnrin kan tó ń jẹ́ Errol Flynn. Fíìmù mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì jọ ṣe láàrin 1935 sí 1941, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn wọn gidigidi. Flynn a máa fi idà jà, a máa gun ẹṣin, a máa fò láti orí àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ Olivia ni kí ó rẹwà, kí ó kọ́kọ́ bá akọni náà ṣe gbólóhùn asọ̀, kí ó sì ti yó ìfẹ́ rẹ̀ kí fíìmù tó parí. Èmi fúnra mi kì í rẹ̀wẹ̀sì láti wo *The Adventures of Robin Hood* ti 1938, mo sì gbà pé ohun tó fi ojú àti ohùn ṣe níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ṣe ohun kan náà lọ́dọọdún, tó sì mọ̀ pé òun lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí David O. Selznick, tó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, fẹ́ kí Olivia wá ṣe ipa Melanie nínú *Gone with the Wind*, Jack Warner, ọ̀gá Warner Bros., kọ̀ jálẹ̀. Kò sí ẹjọ́ tí Olivia lè pè lórí ìyẹn, torí ẹ̀tọ́ Warner ni. Ohun tó ṣe ni pé ó pe ìyàwó ọ̀gá náà, Ann Warner, pé kí àwọn jọ mu tíì ní ilé oúnjẹ Brown Derby ní Beverly Hills, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun sọ ọ́. Ìyàwó bá ọkọ sọ̀rọ̀, ọkọ sì gbà. Ẹ ronú sí ìyẹn díẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn ipa tí ayé fi ń rántí obìnrin yìí títí dòní, orí tábìlì tíì ló ti rí i, kì í ṣe ọ́fíìsì. Ipa náà mú kí wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún ipa àtìlẹ́yìn. Nínú *The Private Lives of Elizabeth and Essex*, fíìmù tí Warner Bros. tirẹ̀ gbé jáde ní ọdún kan náà, 1939, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún ọbabìnrin ni wọ́n fi í ṣe, Bette Davis sì ni ọbabìnrin náà.

Ní 1941, wọ́n tún yá a fún Paramount, ó ṣe *Hold Back the Dawn*, wọ́n sì tún yàn án fún Oscar, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí olú òṣèrébìnrin. Joan àbúrò rẹ̀ ló gba àmì-ẹ̀yẹ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò sì dán mọ́rán tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìjà ọmọ ìyá sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi í ta ìwé ìròyìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yàn án fún Oscar nígbà tó wà lábẹ́ Warner Bros., ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n yá a fún ló ti rí ipa náà gbà. Ètò yíyá yìí náà ní èrè tirẹ̀ fún ẹni tó ń yáni: ilé-iṣẹ́ tó yá òṣèré a máa san ju owó ọ̀sẹ̀ òṣèré náà lọ, ilé-iṣẹ́ tó ni ín a san owó ọ̀sẹ̀ fún un bí ìgbà gbogbo, a sì ki èlé bọ àpò ara rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìmoore, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ipa kan tí wọ́n gbé wá fún un. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìwé eré tuntun dé ilé òṣèré. Ó kà á, ó rí i pé ọmọbìnrin ọjọ́sí náà ni, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Ó ránṣẹ́ sí wọn pé òun kò ní lè ṣe é. Láti ọjọ́ náà, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ dúró. Kò lè lọ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, torí pé ó ṣì wà lábẹ́ àdéhùn. Yóò jókòó sílé. Ìdádúró náà lè gùn títí òṣèrébìnrin mìíràn yóò fi ṣe ipa tó kọ̀ náà parí pátápátá. Èyí tó wá burú jù ni pé ọ̀sẹ̀ tó fi jókòó kò sí nínú ìṣirò. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò láàrin, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí àdéhùn, tó fi jẹ́ pé ìyà ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó jẹ lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá mìíràn ṣì ń dúró dè é níwájú.

Àwọn baba ńlá wa mọ ètò ìwọ̀fà, níbi tí ènìyàn ti ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ sin owó tó jẹ, tí iṣẹ́ náà kì í sì í dín gbèsè kù bó ti wù kó pẹ́ tó. N kò sọ pé Olivia jẹ́ ìwọ̀fà, ìwọ̀fà wo ló ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là? Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ń lọ, tí kò sì gé nǹkan kan kúrò nínú ohun tí ènìyàn jẹ, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti jọra.

Bí a bá ka ọdún méje láti ọjọ́ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1943 ló yẹ kó parí. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Warner Bros. sọ fún un pé kò tíì parí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ìdádúró rẹ̀, tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ṣì wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ sìn. Bó bá sì tún kọ ipa kan láàrin oṣù mẹ́fà náà, wọn yóò tún fi kún un.

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá Warner Bros. wọ̀ ọ́. Ní 1936, Bette Davis, tí irú ipa tí wọ́n ń fún un ti sú, wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ ṣe fíìmù fún ẹlòmíràn níbẹ̀. Warner Bros. lé e dé ilé-ẹjọ́ ní London, adájọ́ sì kà á léèwọ̀ fún un láti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ náà. Davis padà sílé, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà náà ni òṣèré tó bá ń ráhùn ní Hollywood ti ní àpẹẹrẹ tí wọ́n lè nà án sí lójú.

Ohun tó mú ẹjọ́ Olivia yàtọ̀ ni lọ́yà rẹ̀, Martin Gang, ẹni tí kò bá wọn jà níbi tí Davis ti jà. Davis sọ pé àdéhùn náà ni kò dára. Olivia kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó sọ ni pé ó ti parí. Òfin kan ti wà nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California láti 1872, tó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi àdéhùn iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni so òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀ ju iye ọdún tí òfin náà dá lọ. Ọdún méjì ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ọdún márùn-ún ní 1919, wọ́n sì sọ ọ́ di méje ní 1931, nígbà tí Hollywood ti di alágbára. Nígbà tí wọ́n kó àwọn òfin iṣẹ́ jọ sójú kan ní 1937, ó di abala 2855. Gbogbo ènìyàn ní Hollywood ló mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ló jẹ́ kí àdéhùn wọn máa jẹ́ ọdún méje. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé ọdún méje iṣẹ́ tí a ṣe ní tòótọ́ ni òfin ń wí, kò sì sí ẹni tó tíì bi adájọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1943, Olivia gbé ìbéèrè náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Los Angeles. Àwọn agbẹjọ́rò Warner Bros. sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi ọjọ́ ìdádúró kún un, pé ó sì ti jẹ àǹfààní àdéhùn náà kó tó wá ń sá fún ìyókù rẹ̀. Bí a bá ń ṣe ọ̀rọ̀ lójú lásán, àwíjàre yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kí ó mú un ṣẹ. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 1944, adájọ́ dá Olivia láre. Warner Bros. gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì tún dá a láre ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún náà, nínú ìdájọ́ tí Adájọ́ Clement Shinn kọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1945, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà kọ̀ láti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹ béèrè ohun tí adájọ́ rí. Ohun méjì ni, àti èkejì ni mo kà sí àgbà. Èkíní ni pé nínú òfin, ọdún ni ọdún: láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Karùn-ún, yálà ènìyàn ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni o, yálà ó jókòó sílé ni o. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí a ṣe nìkan là ń kà, ẹni tó ń dáni dúró yóò lè na ọdún méje bí ẹní ń na rọ́bà, kò sì ní sí òpin kankan mọ́. Èkejì dá lórí ìbuwọ́lùwé. Ilé-ẹjọ́ ní òfin yìí kì í ṣe ẹ̀bùn tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí òun lè tọwọ́ bọ̀wé láti dá padà. Nítorí ire gbogbo ará ìlú ni wọ́n ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè fi àdéhùn abẹ́lé yí i. Adájọ́ Shinn ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí ènìyàn bá ṣe ń mọṣẹ́ sí i, ó yẹ kí ìgbà kan máa dé tí yóò lè gbé òye rẹ̀ lọ síbi tí yóò ti wúlò jù, tí yóò sì ti gba owó tó tó iye rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá lè sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù lọ́jọ́ tó ń wáṣẹ́, nígbà tí ebi ń pa á, tí kò sì ní agbára láti bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, òfin náà kò ní dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́gun náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí 13,000 dọ́là ni owó lọ́yà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò rí ṣe ló dùn ún jù. Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, Warner Bros. kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù yòókù pé àwọn ṣì ni ín, kí ẹnikẹ́ni má gbà á síṣẹ́, àwọn náà sì gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ó tó ọdún méjì tí kò fi tẹsẹ̀ bọ ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ogun Àgbáyé Kejì ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì lo púpọ̀ nínú àkókò náà láti máa ṣèbẹ̀wò sí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn wọn, títí dé àwọn erékùṣù Alaska àti gúúsù òkun Pàsífíìkì. Òṣèrébìnrin tí ènìyàn kò rí fún ọdún méjì, nínú iṣẹ́ tí ojú rírí jẹ́ gbogbo rẹ̀, ó mọ ohun tó fi ta tẹ́tẹ́ náà.

Ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn tó dòmìnira. Paramount ló kọ́kọ́ gbà á, àmọ́ lórí àdéhùn tí òun náà dá sí. *To Each His Own* jáde ní 1946, níbi tó ti ṣe ìyá tí kò lọ́kọ, tó gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn tọ́; ó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀dọ́mọbìnrin, ó sì parí rẹ̀ bí àgbàlagbà obìnrin tí ayé ti sọ ọkàn rẹ̀ di líle. Oscar àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Fún *The Snake Pit* ti 1948, ó lọ sí àwọn ilé ìtọ́jú ọpọlọ, ó jókòó, ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìtọ́jú kó tó ṣe ipa obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú. Lẹ́yìn náà ló rí eré orí ìtàgé kan ní New York, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ bá olùdarí William Wyler pé kí ó wá bá òun sọ ọ́ di fíìmù. *The Heiress* nìyẹn, ti 1949, tó gba Oscar kejì fún un. Ẹni tó bẹ ìyàwó ọ̀gá lórí tíì lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn náà ló wá ń yan eré, tó sì ń yan olùdarí.

Nínú fíìmù yẹn, ọkùnrin tó ní òun yóò fẹ́ ẹ kò wá lóru ọjọ́ tí wọ́n dá, ó sì ní láti gbé àpótí ẹrù rẹ̀ padà gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Wyler, tó máa ń ní kí òṣèré tún nǹkan kan náà ṣe láìmọye ìgbà, mú un gun àtẹ̀gùn náà títí tí inú fi bí i, tó sì ju àpótí náà nù. Wyler rí i pé òfìfo ni. Ó ní kí wọ́n di ẹrù sínú rẹ̀ kí ó wúwo, kí ó sì tún un gùn. Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn yẹn, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe di igi ẹ̀gbẹ́ mú. N kò rò pé àwọn tó ń fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Flynn mọ̀ pé ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nìyẹn, tàbí kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kó má sì kàn wọ́n.

N kò ní parí láìsọ èyí: kíkọ ipa sílẹ̀ pàápàá, ẹni tí wọ́n ń gbé ipa wá fún ló lè ṣe é. Lóru ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1940, Hattie McDaniel ló gba Oscar ipa àtìlẹ́yìn tí wọ́n yan Olivia fún, nínú *Gone with the Wind* kan náà, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar. Tábìlì ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n fi í sí nínú gbọ̀ngàn náà, nítorí hótẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kì í gba aláwọ̀ dúdú. Ìránṣẹ́ ilé ló ṣe nínú fíìmù náà, ìránṣẹ́ ilé ni wọ́n sì ń fún un ṣe ṣáá lẹ́yìn rẹ̀. Lena Horne, akọrin aláwọ̀ dúdú, gba àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ pẹ̀lú MGM ní 1942, àmọ́ bí wọ́n ṣe máa ń to orin rẹ̀ sínú fíìmù ni pé kí wọ́n lè gé e kúrò láìba ìtàn jẹ́, bí fíìmù náà bá dé àwọn ìlú gúúsù tí wọn kò ti fẹ́ rí i. Abala 2855 kò ní oògùn fún irú ìyẹn. Olivia jà fún ẹ̀tọ́ láti lọ síbòmíràn. Fún àwọn obìnrin wọ̀nyí, ilé-iṣẹ́ tí wọn yóò lọ tí ọ̀rọ̀ yóò ti yàtọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí.

Kí a má sì sọ ọ́ ju bó ti rí lọ, ẹjọ́ yìí nìkan kọ́ ló tú agbára àwọn ilé-iṣẹ́ náà ká. Ní 1948, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó mú kí wọ́n ya ilé sinimá sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ yíya fíìmù, tẹlifíṣọ̀n sì dé lẹ́yìn náà, ó kó àwọn òǹwòran lọ. Ohun tí ẹjọ́ Olivia ṣe ni pé ó gba kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ wọn. Òṣèré tó lọ sógun, tó sì padà ní 1945, kò ní láti fi ọdún tó lò lójú ogun kún ohun tó jẹ ilé-iṣẹ́. Títí di òní, Òfin De Havilland ni àwọn lọ́yà California ń pe abala náà.

Olivia kó lọ sí Paris ní àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 104. Ìjà lórí ọdún méje kò parí pẹ̀lú ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ orin ti rí ọ̀nà mìíràn: iye àwo orin ni wọ́n ń kọ sínú àdéhùn dípò iye ọdún, wọ́n sì jà títí California fi ṣe àtúnṣe sí abala náà ní 1987, pé bí akọrin bá lọ lẹ́yìn ọdún méje, wọ́n lè bèèrè owó àwo tí kò tíì ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ orin EMI bèèrè ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin Thirty Seconds to Mars, tí wọ́n ní ọdún méje àwọn ti pé. Òfin tí Olivia fi jà ni àwọn akọrin náà fi dáhùn, kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn ní ọdún kejì.